Owó oṣù mi nígbà tí iṣẹ́ kan ti parí tí òmíràn kò tíì bẹ̀rẹ̀: bí mo ṣe ṣírò rẹ̀

Ọjọ́ méjì ni mo fi tún ètò owó iṣẹ́ mi tò: ọjọ́ kìíní fún kíkó ìwé jọ àti ìṣirò, ọjọ́ kejì fún ṣíṣí àkáǹtì àti gbígbé owó síbi tó yẹ. Iṣẹ́ àgbàṣe ni mò ń ṣe, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, kò sí ọ̀gá kan tó ń san owó oṣù. Àwọn iye tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí kò ní orúkọ owó kankan. Àpẹẹrẹ ni wọ́n, kí ẹ fi èyí tí ẹ̀ ń ná rọ́pò wọn.

Mo kọ́kọ́ wa àkọsílẹ̀ báńkì oṣù 12 tó kọjá jáde. Mo kọ ohun tó wọlé lóṣù kọ̀ọ̀kan sínú Excel. Ọjọ́ tí owó wọ àkáǹtì ni mo lò, mi ò wo ọjọ́ tí mo fi íńfọ́ìsì, ìyẹn ìwé tí mo fi ń béèrè owó iṣẹ́, ránṣẹ́ rárá. Ó lọ báyìí: 900, 0, 400, 1,350, 700, 0, 0, 1,100, 600, 850, 300, 1,000. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7,200. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n á fo oṣù mẹ́ta tí kò sówó, wọ́n á fi 9 pín 7,200, yóò di 800, wọ́n á sì máa náwó bí ẹni tó ń gba 800. Ebi ò mọ̀ pé a ti yọ oṣù kan kúrò nínú ìṣirò. 12 là ń fi pín in, ó sì jẹ́ 600.

Owó orí ọjà tí mo bá ìjọba gbà lọ́wọ́ oníbàárà kò sí nínú 7,200 yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni owó tí wọ́n dá padà fún mi lórí ohun tí mo bá wọn rà. Owó olówó ni, ó kàn gba ọwọ́ mi kọjá. Ìnáwó tó jẹ́ ti iṣẹ́ kan pàtó, bí owó ọkọ̀ tàbí ti ẹni tí mo gbé apá kan iṣẹ́ fún, mo ti yọ òun náà kí n tó kọ iye sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo to ìnáwó tó ń lọ bóyá iṣẹ́ wà tàbí kò sí. Ti oṣooṣù, ìyẹn íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù, àwọn software, ibi tí mo ń kó fáìlì pamọ́ sí, jẹ́ 60. Ti ọdọọdún, ìyẹn domain (orúkọ tí ìkànnì àti íméèlì mi ń jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì), ìwé àṣẹ, adójútòfò, owó oníṣirò tó ń bá mi ṣe ìwé owó orí, jẹ́ 240 lọ́dún. Mo fi 12 pín in, ó di 20 lóṣù. Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í kà ni ti ohun èlò tó ń gbó. Kọ̀ǹpútà tí mo ra ní 720, tí mo retí pé yóò lo ọdún mẹ́ta, ń jẹ 20 lóṣù bó tilẹ̀ jókòó jẹ́jẹ́ lórí tábìlì. Gbogbo rẹ̀ di 100 lóṣù.

Owó orí ló kàn. Ìdá 20 nínú 100 ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Òfin ibi tí ẹ wà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ó jẹ́ 1,440 lára 7,200, ó ku 5,760. Mo yọ ìnáwó iṣẹ́ ọdún kan, 1,200, ó ku 4,560. Tí a bá fi 12 pín ìyẹn, 380 ni. Orí èrè ni wọ́n sábà máa ń gba owó orí, kì í ṣe orí gbogbo ohun tó wọlé, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí 1,440 yẹn pọ̀ jù. Kó ṣẹ́kù sàn ju kó má tó.

Mi ò san 380 fún ara mi o. 330 ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí 50 lóṣù lè máa lọ sínú àkáǹtì kan tí mo pè ní Ọ̀dá. Bí Ọ̀dá ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: ní oṣù tí owó bá pọ̀, ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn owó orí, 100 ti iṣẹ́ àti 330 tèmi, yóò wọ ibẹ̀. Ní oṣù tí owó ò bá wọlé, ibẹ̀ ni 430 yóò ti jáde. Lópin ọdún, ó yẹ kí 600 wà níbẹ̀. Ó dùn ún gbọ́.

Kí n tó gbà á gbọ́, mo dán an wò lórí oṣù 12 gan-an, bíi pé òfo ni àkáǹtì náà bẹ̀rẹ̀. Oṣù kìíní: 900 wọlé, 180 lọ fún owó orí, 430 jáde, 290 kù. Oṣù kejì kò sówó, 430 jáde, ó di −140. Mo tò ó lọ bẹ́ẹ̀ títí: 290, −140, −250, 400, 530, 100, −330, 120, 170, 420, 230, 600. Ẹ wo oṣù keje. Òótọ́ ni pé 600 wà níbẹ̀ lópin ọdún, ṣùgbọ́n ní oṣù keje mo ti jẹ gbèsè 330. Ẹni tó bá wo àròpọ̀ ọdún nìkan kò lè rí i. Ìlà yìí ló wúlò jù nínú gbogbo ìṣirò mi, kò sì gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Mo wá dín owó oṣù mi kù sí 280, mo tún un tò. Ibi tó lọ sílẹ̀ jù di −100, ní oṣù kẹta, ó sì di 1,200 lópin ọdún. Nítorí náà mo mú 150 láti inú ìfowópamọ́ ara mi, mo fi bẹ̀rẹ̀ Ọ̀dá. Nínú Excel, mo kọ ọ́ sí "owó tí mo fi sí òwò". Ẹ má kọ irú owó bẹ́ẹ̀ sí owó tó wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó san owó orí lórí owó yín fúnra yín.

Bí ilé bá ń ná 400 tí ìṣirò sì ń sọ 280, kò sí àkáǹtì tó lè wo ìyẹn sàn. Iye tí à ń gbà lórí iṣẹ́ ló kéré ni, tàbí ìnáwó ilé ló ga.

Báwo ni Ọ̀dá ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó? Ohun tí mo rí níbí yà mí lẹ́nu díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní iṣẹ́ kan parí ní ọjọ́ 0. Íńfọ́ìsì ìkẹyìn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti san, owó rẹ̀ wọlé ní ọjọ́ 30. Iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 45. Oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ pé ní ọjọ́ 75, mo fi íńfọ́ìsì ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà, oníbàárà lo ọgbọ̀n ọjọ́ rẹ̀ tán, owó dé ní ọjọ́ 105. Láti ọjọ́ 30 sí 105, ọjọ́ 75 ni kọ́bọ̀ kò fi wọlé, mo sì ń ṣiṣẹ́ nínú 60 lára wọn. Ẹni tó bá ń ka ọjọ́ tí kò níṣẹ́ nìkan yóò pèsè fún 45.

Mo tún un ṣe pẹ̀lú àdéhùn mìíràn: íńfọ́ìsì ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ọjọ́ 14 láti san. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ pé ní ọjọ́ 59, owó dé ní ọjọ́ 73. Àlàfo náà di ọjọ́ 43. Bí owó àsansílẹ̀ bá tún wọlé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó di ọjọ́ 15 péré. Ilé iṣẹ́ ńlá sábà máa ń kọ̀ láti yí ọgbọ̀n ọjọ́ wọn padà, nítorí bí ẹ̀rọ ìsanwó wọn ṣe rí nìyẹn. Íńfọ́ìsì ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n fún, wọ́n sì máa ń tètè gbà á.

Ọ̀dá tó gùn jù nínú ọdún mi jẹ́ oṣù méjì. Mo fi oṣù méjì kún un, torí ọdún kan kéré láti fi mọ ibi tí ọ̀dá lè gùn dé. Oṣù mẹ́rin, ní 430 lóṣù, jẹ́ 1,720. Pẹ̀lú owó oṣù 280, Ọ̀dá ń fi 100 lé lóṣù, nítorí náà yóò gba nǹkan bí oṣù 16 kí 150 àkọ́kọ́ yẹn tó di 1,720. Ìgbà yẹn ni mo máa gbé owó oṣù lọ sí 330.

Àkáǹtì mẹ́rin ni mo lò: Ìwọlé, Owó Orí, Ọ̀dá, àti ti ara mi. Ìwọlé nìkan ló ní káàdì láàárín mẹ́ta ti iṣẹ́. Ọjọ́ tí owó bá wọlé ni ìdá 20 ń kúrò níbẹ̀, mi ò dúró de òpin oṣù. 40 ti ọdọọdún àti ti kọ̀ǹpútà wà pẹ̀lú Owó Orí, ó ní ìlà tirẹ̀ nínú Excel. Bó bá wà nínú Ìwọlé, ojú á rí i, ọwọ́ á sì tẹ̀ lé ojú. Ọjọ́ 28 ni owó oṣù ń lọ sí àkáǹtì ara mi, nítorí kò sí oṣù tí kò ní ọjọ́ 28. Mo ní kí báńkì máa ṣe é fúnra rẹ̀.

Bí mo bá fi owó ara mi ra nǹkan fún iṣẹ́, mo máa fi rìsíìtì pamọ́, mo sì ń gba owó náà padà lópin oṣù, lọ́tọ̀, pẹ̀lú àkọlé tirẹ̀. Tó bá dà pọ̀ mọ́ owó oṣù, kò ní ṣeé tú mọ́ nígbà tí ọdún bá parí. Ẹni tí kò fi orúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ bí ilé iṣẹ́ tó dá dúró, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, "owó oṣù" rẹ̀ kì í ṣe ìnáwó lójú òfin owó orí. Èrè tó mú jáde ni, kò lè yọ ọ́.

Owó àsansílẹ̀ ní ewu tirẹ̀. Bí oníbàárà bá san 600 fún iṣẹ́ oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tèmi kò tíì ju 200 lọ lóṣù kìíní. Mo kọ ìyókù sí "iṣẹ́ tí mo jẹ wọ́n", mi ò sì kà á mọ́ Ọ̀dá. Tí wọ́n bá fagi lé iṣẹ́ náà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó lè jẹ́ pé mo gbọ́dọ̀ dá a padà.

Lẹ́yìn tí Ọ̀dá bá ti kún, ohun tí mo ń wò lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlà kan péré: iye tó wà ní Ọ̀dá, kí a fi owó oṣù àti 100 pín in. Ó ń sọ oṣù mélòó ló kù. Tó bá ju méjì lọ, mi ò yí nǹkan kan padà. Tó bá bọ́ sábẹ́ méjì, owó oṣù mi á lọ sí 220, mo sì dá software tí iṣẹ́ tó parí nìkan nílò dúró. Tó bá bọ́ sábẹ́ ọ̀kan, ó di 180, a ó sì fi domain, íméèlì, íntánẹ́ẹ̀tì àti ibi ìpamọ́ fáìlì nìkan sílẹ̀.

A kò gbọ́dọ̀ gé domain. Tó bá kú, íméèlì tó wà lórí rẹ̀ kú pẹ̀lú rẹ̀, ìwé oníbàárà tó fẹ́ gbé iṣẹ́ wá yóò sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Tí ọjọ́ oore ọ̀fẹ́, ìyẹn àkókò tí wọ́n ṣì fi ń dúró de owó yín, bá kọjá, ẹlòmíràn lè rà á. Kí n tó dá software ìṣirò dúró, mo máa ń wa gbogbo àkọsílẹ̀ jáde sí CSV (irú fáìlì tí Excel lè ṣí), rìsíìtì sí PDF. Ṣáájú dídín ibi ìpamọ́ fáìlì kù, mo máa ń wo bóyá ohun tó wà níbẹ̀ ju àyè tuntun lọ, nítorí àwọn kan á kàn dẹ́kun gbígba fáìlì tuntun, láìpariwo. Èyí tí a ti san tọdún rẹ̀, owó rẹ̀ kì í sábà padà. Ọjọ́ ìsọdọ̀tun rẹ̀ ni mo kọ sí kàlẹ́ńdà, pẹ̀lú ìránnilétí ní ọjọ́ 14 ṣáájú, kí ó má baà yọ owó ọdún kan lọ láàárín ọ̀dá.

Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni mo ń yọ oṣù mẹ́ta àtijọ́ kúrò nínú 12, tí mo ń fi mẹ́ta tuntun sí i, tí mo sì tún ìlà Ọ̀dá tò láti òkè.