Ẹ Má Túmọ̀ Gbogbo Wọn sí "Olè": Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Kíkọ́ Ọmọ ní Ọ̀rọ̀ Ọ̀daràn àti "Who"

Àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ní Ìkòròdú ni kí olùkọ́ kọ "thief", "robber", "burglar" àti "pickpocket" sójú pátákó, kó sì túmọ̀ gbogbo wọn sí olè. Ọmọ á gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀, èdè wa ti pín wọn tipẹ́: kólékólé ni "burglar", adigunjalè ni "armed robber", gbọ́mọgbọ́mọ ni "kidnapper". Ẹ ní kí ọmọ tú ọ̀rọ̀ náà. Ta ni kólékólé? Ẹni tí ó ń fọ́lé onílé láti jalè. "A burglar is a person who breaks into a building to steal." Awẹ́ gbólóhùn aṣàpèjúwe ("relative clause", apá tí "who" bẹ̀rẹ̀) ti jáde nìyẹn, láìpariwo. Nítorí náà, ẹ má kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé kí ẹ fi gírámà sí Ọjọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́jọ péré tó fún ogójì ìṣẹ́jú.

Ẹ má fi "steal" àti "rob" sílẹ̀ láìyà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ tó fẹ́ sọ pé "wọ́n jà mí lólè" á ní "They stole me", ẹni tó bá gbọ́ á rò pé wọ́n jí ọmọ náà fúnra rẹ̀ gbé. Ohun tí wọ́n mú lọ ni "steal" ń gbà. Ẹni tàbí ibi tí wọ́n jà lólè ni "rob" ń gbà.

Ibi tó le jù ló kàn, òun sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń sáré kọjá. Ọmọ á kọ "The man who he stole the phone ran away." Olùkọ́ á fi bírò pupa fa "he" yẹn, kò ní sọ ìdí. Ìdí rẹ̀ wà lẹ́nu ọmọ náà: "ọkùnrin tí ó jí fóònù". Ní Yorùbá, "ó" máa ń dúró lẹ́yìn "tí". Ní Gẹ̀ẹ́sì, bí "who" bá dé, "he" á kúrò. Ẹ má fẹnu lásán ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ kọ "The man ran away. He stole the phone." Ẹ fi dọ́sítà nu "He", kí ẹ kọ "who" sójú àyè tí ẹ nù yẹn gan-an, kí wọ́n rí i pé àga kan ni, ẹnìkan ló lè jókòó sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé awẹ́ náà wá sí ẹ̀gbẹ́ "man".

"Obìnrin tí wọ́n jí fóònù rẹ̀" ló ń bí "the woman that they stole her phone". Ẹ nu "her". "Whose" á gba àyè rẹ̀, á sì fa "phone" lọ́wọ́ wá síwájú: "the woman whose phone they stole". Ṣùgbọ́n "the phone which they stole" kì í dà wọ́n láàmú, torí pé àwa náà ń sọ pé "fóònù tí wọ́n jí" láìfi arọ́pò orúkọ kankan síbẹ̀. Ẹ má jókòó tì í.

Kọ́mà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. "The boys who ran were arrested": àwọn tó sá nìkan ni wọ́n mú. "The boys, who ran, were arrested": gbogbo wọn ló sá, gbogbo wọn ni wọ́n mú. Kọ́mà méjì ti sọ aláìmọwọ́-mẹsẹ̀ di ara wọn. Ẹ má sì fi "that" sẹ́yìn irú kọ́mà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má pe ẹni tí ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní "criminal". Afurasí ni, "suspect". Abala 36(5) nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ka ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn sí aláìjẹ̀bi títí wọn yóò fi fi ẹ̀rí dá a lẹ́bi.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ má ní kí ọmọ dìde sọ bí wọ́n ṣe fọ́lé wọn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìkòròdú kò tíì gbàgbé ohun tí ojú wọn rí lọ́wọ́ àwọn Badoo, ẹgbẹ́ apànìyàn tó ń fọ́lé lóru, ní 2016 àti 2017. Ẹ fi àròsọ kékeré ṣe é: àpò gaàrí kan pòórá ní ọjà, afurasí mẹ́ta wà, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tirẹ̀. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn méjì, ọ̀kan pẹ̀lú "who", ọ̀kan pẹ̀lú "whose", kí kíláàsì fi wọ́n mọ ẹni tó gbé gaàrí.