Bí a ṣe ń múra ọ̀dọ́ eléré ìdárayá sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn tó wọ́

Nígbà tí dókítà bá sọ fún ọmọ tó ń sáré tàbí tó ń gbá bọ́ọ̀lù pé ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ti wọ́ débi tí ó fi máa gba abẹ, ohun tí ọmọ náà sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni ìgbà tí òun máa padà sórí pápá. Ẹ má bá a wí. Ẹ má sì fi "kò ní pẹ́" tù ú nínú, torí pé ó máa pẹ́. Ojú abẹ á jiná láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìrora á fúyẹ́, ọmọ á máa rìn káàkiri ilé bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Bẹ́ẹ̀, eegun tí wọ́n so pọ̀ nínú lọ́hùn-ún lè gba oṣù 6 sí ọdún kan kó tó lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Àárín ìgbà yẹn gan-an ni ewu wà fún ọmọ tí ara rẹ̀ le. Nítorí náà, ìdajì ìmúrasílẹ̀ tí mò ń sọ níbí wà fún abẹ, ìdajì tó kù wà fún sùúrù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe

Scoliosis ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Ọ̀pá ẹ̀yìn á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, á sì tún lọ́, èjìká kan á ga ju èkejì lọ, eegun ìhà á yọ gọngọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lórí X-ray ni wọ́n ti ń wọn bó ṣe wọ́ tó. Tó bá ti pé dígírì 10, scoliosis ti dé nìyẹn. Láàárín 25 sí 40, tí ọmọ bá ṣì ń dàgbà, àmúró tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ ni wọ́n sábà máa ń fún un. Tó bá ti ń sún mọ́ 50, ọ̀rọ̀ abẹ máa ń wọlé, torí pé irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ lè máa wọ́ sí i lẹ́yìn tí ọmọ ti dàgbà tán.

Irú èyí tó wọ́pọ̀ jù lára àwọn ọ̀dọ́, a ò tíì mọ ohun tó ń fà á. Báàgì ìwé kọ́. Ìjókòó tí kò dáa kọ́. Eré ìdárayá kọ́, ẹnikẹ́ni ò sì fi nǹkan ṣe ọmọ náà. Ẹ sọ ọ́ sí i létí kó dá a lójú, torí pé ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń dá ara wọn lẹ́bi ní kọ̀rọ̀. Oṣù tí òbí bá sì ń fi wá ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀, ẹ̀yìn náà lè máa wọ́ sí i ní tiẹ̀.

Nínú iṣẹ́ abẹ tó wọ́pọ̀ jù, wọ́n á la awọ ẹ̀yìn ní àárín, wọ́n á yí skúrù wọ inú eegun, wọ́n á fi ọ̀pá irin méjì nà án, wọ́n á sì fi eegun wẹ́wẹ́ sí i kí àwọn eegun náà lè lẹ̀ pọ̀. Ó lè gba wákàtí 4 sí 6, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin náà kì í sábà jáde mọ́.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bi dókítà ní ìbéèrè, kó ti kọ wọ́n sínú ìwé láti ilé. Eegun wo sí eegun wo ni ẹ máa so pọ̀? Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀ fún eléré: bí ìsopọ̀ náà bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìbàdí tó ni títẹ̀ àti yíyí máa ń dín kù tó, ọmọ tó ń ta òkìtì á sì mọ̀ ọ́n lára ju ẹni tó ń sáré tààrà lọ. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn nígbà tí abẹ bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹ béèrè iye irú abẹ yìí tí wọ́n ń ṣe lọ́dún. Kò sí àrífín nínú ìbéèrè yẹn. Dókítà tó mọṣẹ́ á dáhùn láìfajúro. Ìdílé tó wà l'Ékòó lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ ní Igbóbì. Ilé ìwòsàn FOCOS tó wà ní Accra, lórílẹ̀-èdè Gánà, tí Dókítà Oheneba Boachie-Adjei dá sílẹ̀, iṣẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn gan-an ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Tí ọmọ bá rò pé eré ti tán fún òun, ẹ sọ ti Stacy Lewis fún un, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Ó wọ àmúró fún ọdún tó lé ní 7, síbẹ̀ wọ́n ṣe abẹ fún un lẹ́yìn tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n fi ọ̀pá irin kan àti skúrù 5 sí i lẹ́yìn. Kò díje ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Arkansas. Lọ́dún 2011, ó gba ọ̀kan nínú ife-ẹ̀yẹ ńláńlá àwọn obìnrin. Lọ́dún 2013, òun ni nọ́ńbà kìíní lágbàáyé. Ẹ má fo ọdún tí kò fi díje yẹn nígbà tí ẹ bá ń sọ ìtàn náà fún un.

Oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ọjọ́ tó pé

Ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Abẹ yìí máa ń gba ẹ̀jẹ̀, ọ̀dọ́ eléré, pàápàá ọmọbìnrin tó ti ń rí nǹkan oṣù, sì lè ní ẹ̀jẹ̀ tí kò tó láìmọ̀. Ẹ ní kí wọ́n yẹ iye ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò àti ayọ́ọ̀nù (iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) tó wà lára rẹ̀, kí wọ́n sì rí i dájú pé jẹnotáìpù rẹ̀ wà lákọsílẹ̀. Tí wọ́n bá fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, kó máa lò ó pẹ̀lú omi ọsàn, kó má fi tíì gbé e mì, torí pé tíì kì í jẹ́ kí ara gba ayọ́ọ̀nù náà dáadáa. Ẹran, ẹ̀dọ̀, ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín: kí wọ́n máa wà lórí àwo rẹ̀ lójoojúmọ́, torí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń rù lẹ́yìn abẹ. Tí ilé ìwòsàn bá ní kí ìdílé mú ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ wá, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ẹbí, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ abẹ.

Ẹ sọ gbogbo ohun tí ọmọ ń lò fún dókítà, àgbo inú ìgò náà wà níbẹ̀. Oògùn ìrora bí ibuprofen àti aspirin, àti àwọn egbòogi kan, lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà jù. Dókítà ló máa sọ ọjọ́ tí ọmọ máa dá wọn dúró.

Ìdánrawò kò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró àyàfi tí dókítà bá ní bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ le ṣáájú abẹ máa ń tètè dìde. Mo fẹ́ kí ìtẹnumọ́ wà lórí ẹsẹ̀: kó máa jókòó sórí àga kó sì máa dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan, ẹ̀yìn ní gígùn, léraléra. Lẹ́yìn abẹ, ẹsẹ̀ ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀yìn ń ṣe tẹ́lẹ̀. Kó tún máa fa èémí sínú títí dé ìsàlẹ̀ ìhà, kó dá a dúró díẹ̀, kó tú u sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ohun kan wà tó yẹ kó ti mọ́ ọn lára kó tó wọ ilé ìwòsàn: bí wọ́n ṣe ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Kó dùbúlẹ̀, kó fojú sókè. Kó ká eékún méjèèjì, àtẹ́lẹsẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Kó wá yí èjìká, ìbàdí àti eékún lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí wọ́n ń yí ìtì igi, kò gbọdọ̀ sí èyí tó ṣáájú èkejì. Tó bá ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ láti etí bẹ́ẹ̀dì, kó sì máa fi ìgbọ̀nwọ́ ìsàlẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ kejì ti ara rẹ̀ sókè bí ẹsẹ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ lé èjìká àti ìbàdí rẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá wọ́n jọ ń yí. Alaalẹ́ ni kó máa ṣe é, títí tí kò fi ní ronú mọ́ kó tó ṣe é.

Ilé, àti àwọn aráalé

Ẹ tún ilé tò kí ẹ tó lọ. Ohun tó ń lò lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ga ju orí rẹ̀ lọ: fóònù, cháájà, ife omi, búrọ́ọ̀ṣì, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n àyà. Bẹ́ẹ̀dì tó bá lẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, ẹ gbé e ga. Tó bá jẹ́ pé bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ fi ń wẹ̀, ẹ gbé e lé àpótí gíga, kí ẹlòmíì sì máa pọn omi sínú rẹ̀. Ṣáláńgá tó gba ìlóṣòó kò ní ṣeé lò fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wá àga ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ń jókòó lé. Aṣọ tó ń ṣí níwájú, bàtà tí kò ní okùn.

Tí ọmọ bá di irun, kí ẹ di í lọ́sẹ̀ abẹ kó lẹ̀ mọ́ orí, láìsí kókó níwájú tàbí lẹ́yìn orí, torí pé dídojúdélẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣe abẹ fún un, ó sì máa fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ yọ èékánná oníke àti ọ̀dà èékánná.

Ẹ wá jókòó ti àwọn aráalé. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ yìí kò ní tẹ̀ ba, kò ní yí ẹ̀yìn, kò sì ní gbé ohun tó wúwo. Omi lítà 10 ti wúwo jù fún un. Gbígbá ilẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀, fífọ aṣọ nínú báásìn, pípọn àbúrò sẹ́yìn, gbogbo ìwọ̀nyí ti di ti ẹlòmíì. Ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ náà ńkọ́? Ọmọ tó mọ̀wà fún ara rẹ̀ á fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá àgbà tó wá kí i. Ẹ pe àwọn àgbà ṣáájú, kí ẹ sọ fún wọn pé ó máa kí wọn lórí ìdúró, kí wọ́n sì fún un láṣẹ pẹ̀lú ẹnu ara wọn. Ọ̀rọ̀ kan láti ẹnu ìyá àgbà á gba ẹ̀yìn ọmọ náà lọ́wọ́ ìṣòro.

Kóòṣì pẹ̀lú gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu yín. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wá iṣẹ́ fún ọmọ láàárín ẹgbẹ́: kó máa di aago mú, kó máa kọ àmì ayò sílẹ̀. Àìrí àwọn ọ̀rẹ́ máa ń dun àwọn ọmọ yìí ju abẹ gan-an lọ.

Ọjọ́ abẹ àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e

Ilé ìwòsàn máa sọ àkókò tí jíjẹ àti mímu máa dópin; ní gbogbogbòò, oúnjẹ kò gbọdọ̀ wọ ẹnu láti wákàtí 6 ṣáájú, omi lásán láti wákàtí 2. Kó fi ọṣẹ tí wọ́n bá fún un wẹ̀, kó má fi ìpara ra ara.

Ẹ múra ọkàn yín sílẹ̀: nígbà tí ẹ bá máa rí i, ojú rẹ̀ lè wú nítorí ìdojúdélẹ̀, rọ́bà á wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti fún ìtọ̀. Ó sì lè ga díẹ̀ sí i. Níbi púpọ̀, ọjọ́ kejì ni físíò, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ aláìsàn ní bí ara á ṣe máa ṣiṣẹ́ padà, máa gbé e dìde. Ó máa dùn ún, òòyì lè kọ́ ọ, síbẹ̀ ó yẹ kó dìde. Kó lo oògùn ìrora lákòókò rẹ̀ láìdúró de ìgbà tí ìrora bá kọjá agbára. Ọmọ eléré tó gbà pé akọni kì í ráhùn lè máa fi ìrora pamọ́, á sì kọ̀ láti rìn. Àwọn oògùn tó le náà máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ gbẹ, nítorí náà ìbẹ́pẹ, ọsàn, omi púpọ̀, àti oògùn tí dókítà bá kọ fún un. Ọjọ́ 3 sí 7 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò kí wọ́n tó lọ sílé. Ọ̀kadà kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Mọ́tò ni, ẹ dá àga rẹ̀ sẹ́yìn, ìrọ̀rí lẹ́yìn, kí awakọ̀ rọra gba orí kòtò.

Nílé, ẹ máa wo ojú abẹ lójoojúmọ́. Tó bá pọ́n tó sì gbóná, tí omi tàbí ọyún ń jáde, tí ibà kọjá dígírì 38, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Tí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí ń rọ, tí kò lè mú ìtọ̀ dúró, tí ojúgun kan wú, tàbí tí àyà ń dùn ún tí èémí ò délẹ̀, ẹ máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Títí dé orí pápá

Rírìn ni ìdánrawò àkọ́kọ́. Láti yàrá dé pálọ̀, láti pálọ̀ dé ẹnu géètì, láti géètì dé ìkóríta, kó máa fi díẹ̀ kún un lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ máa ń padà sílé ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 6, pẹ̀lú ìwé méjì: ọ̀kan nílé, ọ̀kan ní kíláàsì, kó má baà ru báàgì.

Àwọn dókítà yàtọ̀ síra lórí ìyókù, ti èyí tó ṣe abẹ náà sì ni abẹ́ gé. Lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan bí oṣù 3 ni wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sísáré díẹ̀díẹ̀ tàbí lílúwẹ̀ẹ́, tí ojú abẹ bá ti jiná pátá. Eré tí wọ́n ti ń kọlu ara wọn, bíi bọ́ọ̀lù àti ìjàkadì, lè di oṣù 6 sí 12.

Oṣù kejì sí ìkẹrin ni kí ẹ ṣọ́ ọmọ yín jù. Ìrora ti lọ, àwọn ọ̀rẹ́ ti ń pè é, ó ti ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tí ẹ ò sí nílé. Eegun tí kò tíì lẹ̀ pọ̀ lè jẹ́ kí irin kán tàbí kí skúrù tú, ìyẹn sì lè mú kí wọ́n tún abẹ ṣe. Ẹ fi X-ray rẹ̀ hàn án nígbà àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, kí dókítà fi ìka tọ́ka sí ibi tí eegun ti ń dí àti ibi tó kù. Ohun tí ojú rẹ̀ bá rí á yé e ju ìkìlọ̀ wa lọ.

Lọ́jọ́ tí dókítà bá fọwọ́ sí i pé kó padà, ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀: eré tó lè ṣe, èyí tí kò tíì lè ṣe, àti ọjọ́ tí wọ́n máa tún yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fún kóòṣì ní ẹ̀dà kan. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ara rẹ̀ wà báyìí, pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ tó bá gba bẹ́ẹ̀, kó sì máa sọ fún kóòṣì ní ọjọ́ náà gan-an tí ẹ̀yìn bá ń ro ó.