Tí pip bá ní ó wà, tí Python ní kò sí

Òkun o, gbogbo ilé. Lánàá ní Kábbà, àbúrò kan gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi. Pip, irinṣẹ́ tó ń gba àfikún wá fún Python, ń sọ fún un pé "Requirement already satisfied" (ó ti wà), Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ń sọ pé "ModuleNotFoundError" (kò rí i). Pandas tó ń wá, àfikún fún iṣẹ́ tábìlì ìsọfúnni, wà nínú ẹ̀rọ náà o! Python méjì ló wà níbẹ̀: pip ń kó ẹrù sí yàrá Python 3.11, àbúrò náà sì ń fi Python 3.13 ṣiṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó yọ pandas kúrò kí ẹ tún un gbà, ẹ kọ́kọ́ tẹ "pip --version" sínú tẹ́mínà, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ. Yóò sọ Python tó ń bá ṣiṣẹ́. Lórí Windows, ẹ kọ "py -m pip install pandas", "py" náà ni kẹ́ ẹ sì fi ṣí iṣẹ́ yín. Lórí Mac, "python3" ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò "py".

Ubuntu 24.04, irú Linux kan, le díẹ̀: tí ẹ bá ní kí pip gba nǹkan, yóò pariwo "externally-managed-environment". Ẹ má fi "--break-system-packages" bá a jà, torí Ubuntu fúnra rẹ̀ ń lo Python yẹn. Ẹ ṣe yàrá ọ̀tọ̀: "python3 -m venv ise", lẹ́yìn náà "source ise/bin/activate", kí ẹ wá gba pandas sínú rẹ̀. Bó bá ní kò sí venv, "sudo apt install python3-venv" ni.

Ẹni tó bá fẹ́ fi fláàṣì gbé pandas fún ará Ìsánlú tàbí Mopa, torí owó dátà, kó rántí pé pandas tí a gbà fún Windows kò ní ṣiṣẹ́ lórí Linux. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ ya àwòrán ojú ẹ̀rọ yín síbí, ká jọ wò ó.