Bí a ṣe ń kó orúkọ ẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A jọ, láìsọ ẹyẹ kan di mẹ́ta

Ẹni bá gbọ́ ọ á rò pé iṣẹ́ ọmọ iléèwé ni: kí a kó orúkọ ẹyẹ tó fi lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ jọ, kí a sì sọ irú ẹyẹ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ àkójọ tó wà níta, àkùkọ àti adìẹ ti di ẹyẹ méjì, àdán ti wọ àárín ẹyẹ, wọ́n sì kọ "akoko" sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i, tí ẹni tó ń kà á kò fi mọ̀ bóyá àkókó tó ń sọ igi ni, àbí igi akòko tí a ń já ewé rẹ̀ fi joyè, àbí àkókò tí agogo ń kà. Ohun kan náà ló ń fà á: wọ́n jókòó sílé, wọ́n ń rántí orúkọ. Ẹ kọ́kọ́ rí ẹyẹ ná, kí ẹ tó wá orúkọ rẹ̀.

Lẹ́tà A ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ agbègbè Àkúrẹ́, Ìdànrè tàbí Oǹdó lẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ní ẹ̀ka èdè ibí, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó fi I bẹ̀rẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò ló ń di U lẹ́nu wa. Ilé á di ulé. Ẹ wo igún: ẹnì kan á ní gúnnugún, ẹlòmíì á ní ìgúnnugún, tí ẹ bá sì gbọ́ ugún lẹ́nu ẹni tó ti oko dé, òun náà ni. Ẹyẹ kan ti wọ abẹ́ lẹ́tà mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́tà A kì í yí padà báyẹn. Ẹni tó bá ti mọwọ́ iṣẹ́ náà pẹ̀lú A lè wá lọ sí I.

Ohun èlò

Ìwé eléwé 40 kan ti tó. Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, ẹ fi bírò sílẹ̀ ná: ìrì àti òjò kì í fọ pẹ́ńsù dànù, ẹ ó sì pa ọ̀rọ̀ rẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ ki ìwé náà bọ inú ọ̀rá. Ẹ fa ìlà sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí ó pín sí òpó márùn-ún: orúkọ pẹ̀lú àmì ohùn, ẹni tó sọ ọ́ àti iṣẹ́ tó ń ṣe, ibi àti ìgbà tí ẹ rí ẹyẹ náà, ìrísí rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Ẹ fi ìkarùn-ún sílẹ̀ lófìfo ná. Ewé mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ìwé jẹ́ ti orúkọ tó ní àríyànjiyàn, ẹ má kọ nǹkan mìíràn síbẹ̀.

Bínókúlà 8x42 ló dára jù fún igbó wa. Àwọn kéékèèké tí wọ́n kọ 30x sí lára tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ọwọ́ yín ò ní lè dúró sójú kan tó láti fi wọ́n rí nǹkan. Tí owó ò bá sí, ẹ má rà á rárá. Ẹ wá igi ọ̀pọ̀tọ́ tó ń so èso, kí ẹ jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti agogo 6:30 àárọ̀ títí di 9. Ẹyẹ fúnra wọn á wá bá yín. Fóònù ni kí ẹ fi gba ohùn sílẹ̀. Áàpù Merlin, tó ń dá ẹyẹ mọ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó sì wúlò fún àwòrán, ṣùgbọ́n ẹ má fi ohun tó bá sọ nìkan dájọ́. Ohùn ẹyẹ tí ẹ fẹ́ fi wé ti inú fóònù yín wà lórí ìkànnì xeno-canto. Ẹ má máa tẹ ohùn ẹyẹ sétí ẹyẹ nínú igbó léraléra o, pàápàá nígbà tó ń yé ẹyin: á fi ìtẹ́ sílẹ̀ wá bá ìjà tí kò sí.

Gbígba orúkọ

Ọdẹ, àgbẹ̀ olóko, àti ẹni tó ń sin adìẹ lágbàlá, àwọn mẹ́ta yìí ni kí ẹ bi. Ọdẹ mọ ẹyẹ inú igbó. Àgbẹ̀ mọ àparò tó ń hú àgbàdo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn. Ẹni tó ń sin adìẹ ò sì ní gbàgbé ohun tó ń gbé òròmọdìẹ rẹ̀ lọ. Ẹ má kó wọn jókòó pọ̀. Tí wọ́n bá wà pọ̀, àgbà inú wọn ló máa sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu kan lẹ gbọ́, ẹ ó sì kọ ọ́ bí ẹnu mẹ́ta.

Ìbéèrè tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni: "Bàbá, ṣé àwòdì nìyẹn?" Bàbá ò fẹ́ já yín kulẹ̀, wọ́n á ní "hẹn, òun náà ni." Ẹ kí wọn, ẹ jókòó, kí ẹ wá ní: "Bàbá, ẹyẹ wo ló ń gbé òròmọdìẹ níbí? Báwo ló ṣe ń wọlé? Ṣé ó tó ẹyẹlé?" Ìbéèrè ìwọ̀n yẹn ṣe pàtàkì. Ológoṣẹ́, ẹyẹlé, adìẹ: àwọn mẹ́ta yìí ni òṣùwọ̀n wa. Ẹyẹ inú àwòrán fóònù kò ní ìwọ̀n, nítorí náà, ẹ má yọ àwòrán síta títí ẹnu wọn yóò fi ṣàpèjúwe ẹyẹ náà tán. Kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pe orúkọ náà, torí àmì ohùn tí ẹ bá gbójú lé ìrántí láti kọ, ó máa ń ṣì.

Orúkọ tí ẹnu méjì bá sọ láìgbọ́ ti ara wọn, ẹ fi bírò tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá wà lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo, kí ó wà ní pẹ́ńsù.

Yíyọ ìdọ̀tí

Ẹ yọ àkùkọ àti àgbébọ̀, adìẹ náà ni wọ́n. "Akọ àparò" wà lábẹ́ àparò. Ayékòótọ́ jẹ́ oríkì odídẹrẹ́. Ẹ fa ọfà láti ibẹ̀ lọ sí O, ẹ má kà á. Ẹ yọ "ẹyẹ" kúrò níwájú "ẹyẹ àdàbà", ṣùgbọ́n ẹyẹlé kò ṣeé gé. Awó àti ẹtù, ẹyẹ kan náà ni; ẹ kọ awó síbí, torí ẹyin awó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, kí ẹ sì fa ọfà lọ sí Ẹ. Àdán ńkọ́? Ó ń fò, ṣùgbọ́n ó ní eyín, ó ní irun lára, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Àwọn àgbà ní àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Wíwò ló ń wò ó, kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́: fífi orúkọ mọ ẹyẹ

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Orúkọ Yorùbá kan lè bo ẹyẹ mẹ́rin mọ́lẹ̀, ẹyẹ kan sì lè jẹ́ orúkọ mẹ́rin. Ẹni tó bá kọ "àdàbà" tó sì fi orúkọ sáyẹ́ǹsì kan ṣoṣo síwájú rẹ̀ ti ṣì í.

Ẹ mú àdàbà gan-an wò. Méjì wà nílùú Àkúrẹ́ tí ẹ lè rí lójoojúmọ́. Èyí tó tóbi, Streptopelia semitorquata, ní ìlà dúdú lẹ́yìn ọrùn bí ẹni so okùn mọ́ ọn, ojú rẹ̀ pupa, ó sì máa ń ké láti orí igi gíga. Kékeré, Spilopelia senegalensis, kò ní ìlà lẹ́yìn ọrùn rárá. Iwájú ọrùn rẹ̀ ló ti ní àmì: àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí tótòtó dúdú wẹ́wẹ́ wà lórí rẹ̀, bí ìgbà tí a bu ata gígún wọ́n ọn láyà. Ilẹ̀ ló ti ń ṣa oúnjẹ, igbe rẹ̀ sì dà bí ẹ̀rín ẹni tó ń rín in sínú. Ẹ̀yìn ọrùn àti iwájú ọrùn, ibi méjì yìí ni kí ẹ máa wò. Àwọ̀ ara ò ní ràn yín lọ́wọ́, nítorí oòrùn ọ̀sán ń sọ àwọn méjèèjì di eérú.

Àṣá àti àwòdì ló ń da gbogbo ènìyàn láàmú jù. Àwòdì, Milvus, ìrù rẹ̀ là díẹ̀ ní ìparí, ó sì máa ń yí ìrù náà bí ẹni ń yí ìtukọ̀ nígbà tó bá ń rà bàbà lókè. Ti ìhà ọ̀dọ̀ wa, ẹnu rẹ̀ pọ́n bí pupa inú ẹyin. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pọ̀: ẹ lọ síbi tí wọ́n bá ti ń sun igbó, ẹ ó rí i tó ń já tata tó ń sá fún iná. Òun náà ni ẹ̀fúùfù ta nídìí pẹ́ẹ́ lójú ọ̀nà Ìbarà, tó ní iṣẹ́ kúkú yá. Àṣá ò ní àkókò láti rà bàbà. Èyí tó wọ́pọ̀ lágbàlá ni Accipiter badius, tí àwọn ìwé tuntun ń kọ ní Tachyspiza badia: kò tóbi ju ẹyẹlé lọ, apá rẹ̀ kúrú, orí rẹ̀ róbótó, ìrù rẹ̀ gùn láìlà. Ó ń fò nílẹ̀ gba àárín ilé méjì, kí ẹ tó pariwo ó ti lọ. Tí ẹnì kan bá sọ pé "àṣá" ń rà bàbà lókè ọjà láti àárọ̀, orúkọ tó pè ni kí ẹ kọ, ṣùgbọ́n ẹyẹ tó rí, àwòdì ni.

Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ náà ní ẹlẹ́tàn rẹ̀. Abẹ́ òrùlé ilé alájà púpọ̀, ẹ ó rí ẹyẹ kékeré dúdú tí ìdí rẹ̀ funfun, tí wọ́n ń kígbe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Apus affinis nìyẹn, kì í ṣe alápàáǹdẹ̀dẹ̀ gidi, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Wáyà iná ni kí ẹ fi dán an wò. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń bà lé wáyà, tí wọ́n á tò gbọọrọ. Apus kò lè bà lé wáyà láéláé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣe fún un, ògiri nìkan ló lè rọ̀ mọ́.

Fún agbe àti àlùkò, ọ̀rọ̀ àwọn bàbá wa gan-an ni kí ẹ fi ṣe atọ́nà: agbe ló laró, àlùkò ló losùn. Corythaeola cristata bá agbe mu: ó tóbi, aró ló pọ̀ jù ní ara rẹ̀, ó ní ògbè dúdú lórí, apá rẹ̀ kò sì ní pupa. Musophaga violacea bá àlùkò mu. Àwọ̀ rẹ̀ náà ni Bíbélì Yorùbá ń pè ní elése àlùkò. Tó bá dúró, ẹ ò ní rí osùn apá rẹ̀. Ẹ dúró kí ó fò, pupa á tàn lábẹ́ apá. Bàbà, irin tí a fi ń ṣe wáyà, wà nínú àwọ̀ pupa yẹn, ó sì máa ń ṣí sínú omi ọṣẹ. Ìyẹ́ tó bá já sílẹ̀ ni kí ẹ fi dán an wò, ẹ má torí rẹ̀ pa ẹyẹ. Ẹ kíyè sí i pé ẹyẹ mìíràn nínú ìdílé yìí, Tauraco macrorhynchus, ní ara àwọ̀ ewé, ó sì ní pupa lápá bákan náà. Ara ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo apá.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìwé atúmọ̀ èdè ju ojú yín lọ. Wọ́n kọ àwòko sílẹ̀ bí "mocking-bird", bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìdílé ẹyẹ yẹn wà, kò sí ọ̀kan níhìn-ín. Àkàlà, àwọn kan ní irú igún kan ni, àwọn mìíràn ní Bucorvus abyssinicus, ẹyẹ ilẹ̀ ọ̀dàn tí kì í gbé igbó Àkúrẹ́. Àgbìgbò olórí ńlá inú ẹsẹ Ifá náà ń bẹ nínú àwọn oníjàǹgbọ̀n. Àwọn mẹ́ta yìí, ewé mẹ́rin ẹ̀yìn ìwé ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé: kí ẹ kọ ohun tí oníkálukú sọ, kí ẹ fi òpó karùn-ún sílẹ̀ lófìfo. Òfìfo dára ju irọ́ tí a fi bírò kọ lọ.

Títò

Kọ̀ǹpútà ò mọ álífábẹ́ẹ̀tì wa. Á gbé agbe ṣáájú àgùfọn, bẹ́ẹ̀ Gb ń bọ̀ lẹ́yìn G. Ó sì lè kó gbogbo orúkọ tó ní àmì lórí À lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ ṣe òpó kan sí i, kí ẹ kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ láìní àmì, kí Gb di gz, Ẹ di ez, Ọ di oz, Ṣ di sz. Àgùfọn á di agufozn, agbe á di agze, àṣá á di asza. Òpó yẹn ni kí ẹ ní kó tò, lẹ́yìn náà kí ẹ fi í pamọ́. Ó yẹ kó bọ́ sí báyìí: àdàbà, adìẹ, àgùfọn, agbe, àgbìgbò, àkàlà, àkókó, alápàáǹdẹ̀dẹ̀, àlùkò, àparò, àṣá, àtíòro, awó, àwòdì, àwòko.

Pátákó ìtẹ̀wé kan náà ni kí ẹ fi tẹ gbogbo rẹ̀. Ti Yorùbá lórí Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google, dára. Tí ẹ bá tẹ ìdajì lórí fóònù, tí ẹ da ìdajì kọ láti ibòmíràn, lẹ́tà ẹ̀ tó rí bákan náà lójú lè yàtọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, tí ẹ bá sì wá alápàáǹdẹ̀dẹ̀, kò ní rí i.

Kí ẹ tó fi í síta, ẹ gbé e padà tọ ọdẹ àti àgbẹ̀ lọ, kí ẹ kà á sókè sí wọn létí. Ibi tí bàbá bá ti ní "a kì í pè é bẹ́ẹ̀", ẹ fi pẹ́ńsù kọ tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má sì pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́.