Nọ́ńbà tòótọ́ lọ́wọ́ ayédèrú

Ọ̀pọ̀ ará Kubwa, Nyanya àti Lugbe l'Abuja ló ti mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá pe ara rẹ̀ ní lọ́yà tàbí dókítà. Gbájúẹ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń jí nọ́ńbà ẹni tí ìwé rẹ̀ pé. Ọkùnrin kan fi ìwé-ẹ̀rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe dókítà ní ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba àpapọ̀ l'Abuja fún nǹkan bí ọdún 9 kí àṣírí tó tú. Ìwé yẹn kì í ṣe ayédèrú rárá. Ẹni tó gbé e dání ni ayédèrú.

Nítorí náà, kò tó láti mọ̀ pé orúkọ náà wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ẹ wádìí bóyá ẹni tó dúró níwájú yín ló ni ín.

Ti lọ́yà kọ́kọ́ rọrùn. Òǹtẹ̀ NBA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, tí wọ́n ti ń lẹ̀ mọ́ ìwé láti 2015 ní orúkọ àti nọ́ńbà lọ́yà lára, àmọ́ fóònù lásán lè ya òǹtẹ̀. Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀, ẹ lọ sí ẹ̀ka NBA, kí ẹ ní kí wọ́n bá yín pe lọ́yà náà. Ẹ má pe nọ́ńbà orí káàdì tó fún yín. Òun tàbí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ni yóò gbé e. Bí lọ́yà gidi bá ní òun kò mọ̀ yín rí, ọwọ́ ti tẹ gbájúẹ̀ náà nìyẹn.

Ẹni tó fẹ́ gba dókítà síṣẹ́ kó béèrè láísẹ́ǹsì ọdún yìí, torí ọdọọdún ni MDCN, àjọ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀, ń tún un ṣe. Kó sì fi fọ́tò onítọ̀hún ránṣẹ́ sí yunifásítì àti ọsìbítù tó ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Fọ́tò yẹn ṣe kókó. Orúkọ nìkan ni ọ̀pọ̀ ń fi ránṣẹ́, èsì á ní “bẹ́ẹ̀ ni”, wọ́n á sì gba olè sílé.

Ní ti ilẹ̀, ẹ má gba èsì ìwádìí AGIS, iléeṣẹ́ àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abuja, tí ẹni tó ń tà á mú wá. Ẹ fúnra yín lọ sí ọ́fíìsì AGIS, tàbí kí lọ́yà yín lọ.

Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́, ẹ wo orúkọ tí báǹkì gbé jáde. “Àkáǹtì ìyàwó mi ni” kì í ṣe àlàyé.

Bí ọwọ́ bá tẹ gbájúẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló kàn. Á dá ìdajì owó padà, àwọn àgbà á ní kí ẹ fi sílẹ̀, á kó lọ sí Mararaba, tó ti di ìpínlẹ̀ Nasarawa, tàbí Kaduna, á sì di ẹnjiníà. Àìsí àkọsílẹ̀ ló ń bọ́ ọ. Ẹ gba owó yín, àmọ́ ẹ má fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ti jáwọ́ nínú ẹjọ́. Òfin jìbìtì ti 2006 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 lélẹ̀, kò sí owó ìtanràn dípò rẹ̀.

Ẹ kọ̀wé sí EFCC ní Jabi, kò gba kọ́bọ̀. Ẹ to gbogbo orúkọ tó ti jẹ́, nọ́ńbà fóònù, àkáǹtì àti báǹkì, ọjọ́ àti iye tí ẹ san síbẹ̀. Ẹ fi fọ́tò rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ WhatsApp tí ẹ tẹ̀ jáde tì í. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹni tó ni nọ́ńbà tí wọ́n jí, torí òun náà lẹ́jọ́ láti pè.