Bí Ẹ Ṣe Lè Máa Kọ Ìtàn Ẹgbẹ́ Kúìsì Yín Sílẹ̀

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé wa níbí ní Iléṣà lọ sí ìdíje kúìsì. Ẹ̀yin tíṣà tuntun, ẹ kọ́kọ́ ra ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ le.

Ẹ kọ ọjọ́, ilé-ìwé tí ẹ bá pàdé, àti máàkì. Ìyẹn ò gba àkókò. Àwọn ìbéèrè tí ẹ gbà sọnù ni iṣẹ́ gan-an: ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe bi yín, ẹ kọ ìdáhùn ọmọ, kí ẹ tó kọ èyí tó tọ̀nà. Ẹ má fi dọ̀la o. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kọ tèmi.

Wọ́n bi wá nígbà kan pé ọdún wo ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ ìlú Ògèdèǹgbé tó jẹ́ ọ̀gágun nínú ogun náà, dáhùn pé 1893! 1886 ni. Ọdún tí wọ́n tú bùdó ogun ká ló mú. Ojú tì mí jù ú lọ. Bírò pupa ni mo fi kọ “ìkánjú” sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí kì í ṣe àìmọ̀.

Bí ìdíje bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn ibi pupa yẹn nìkan la máa ń kà.