Aago Kan Ṣoṣo: Ìtọ́sọ́nà Ìdárayá fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé

Ẹgbẹ́ ìdárayá tí a dá sílẹ̀ ládùúgbò wa ní Adó-Èkìtì ti fọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èrò pọ̀ débi pé ọ̀kadà ò rọ́nà gbà. Kí oṣù kejì tó parí, ẹ lè fi ọwọ́ kan ka àwọn tó kù. Ìdí nìyí tí a fi kọ ìwé yìí.

Ọ̀lẹ kọ́ ló fọ́ ọ. Aago ni. Lónìí, aago 5 ìdájí; lọ́la, "ẹ jẹ́ kóòrùn rọlẹ̀ ná"; lọ́tùn-únla, ó di Sátidé. Ẹni tó ń pààrọ̀ aago lójoojúmọ́ kò ní aago kankan. Ẹ yé bi mí bóyá àárọ̀ ló dáa jù ni àbí ìrọ̀lẹ́. Èyí tí ẹ bá lè mú fún oṣù mẹ́ta láìyẹ̀ ló dáa jù.

Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń kírun àsùbáà tàbí tó ń gbàdúrà òwúrọ̀, bó bá ti ṣe àmín, kó wọ bàtà. Ọlọ́jà, kó rìn bó bá ti pa ṣọ́ọ̀bù dé, kó tó wọlé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fìdí kan àga kò ní dìde mọ́; èmi náà ti jókòó bẹ́ẹ̀ rí.

Rírìn kánmọ́kánmọ́, ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Ìyẹn pé ìṣẹ́jú 150, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má dín fún àgbàlagbà. Kí ẹsẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin. Ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 10 péré. Ẹ má fi òkè Olósùnta bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá mú àárọ̀, kó rìn jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 ná, nítorí ara ṣì le. Kó má jáde ní aago 5: mọ́tò ò ní rí i. Ẹni tó bá mú ìrọ̀lẹ́, aago 5:30 sí 6:30. Láti aago 12 sí 4, ẹ fi sílẹ̀ fóòrùn. Bí òjò bá dé, ẹ rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní aago yẹn náà.

Bí ẹ bá jẹ iyán, ó di wákàtí 2 lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó rìn. Ọmọ Èkìtì ni mí, mi ò ní kẹ́ ẹ má jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá kọ ebè, ẹ ti ṣe tiyín. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wàhálà yín, nígbà tí ọkọ́ bá wà lórí àjà. Ẹni tó jókòó fún oṣù méjì, tó wá lọ kọ igba ebè lọ́jọ́ kan, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà.

Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín bá tó 180 lórí 110, ẹ má bẹ̀rẹ̀; ẹ kọ́kọ́ rí nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, kó fi súìtì sápò. Bí àyà bá ń dunni, kéèyàn dúró lójú ẹsẹ̀, kó gba ọsibítù lọ.

Bí ẹ bá pa ọjọ́ kan jẹ, ẹ má sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 60 lọ́jọ́ kejì. 30 náà ni, ní aago yẹn náà. Bó bá di ọjọ́ méjì léraléra, ẹ ní kí aládùúgbò kan máa wá kanlẹ̀kùn.